Ọmọ Ẹ̀yìn Tí Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Kò Yọ

Ajá náà kò fo fèrèsé, kò já okùn, kò sì sẹ́ni tó rí i ní géètì. Síbẹ̀, kò sí nínú ilé. Ohun tí Jemimah Adébíyì ń tún sọ fún mi lórí fóònù nìyẹn láàárọ̀ Sátidé kan nínú ọyẹ́ ọdún 2016. Ó ń sunkún, ó ń da Yorùbá pọ̀ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì, mo sì ti ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mi kó tó sọ̀rọ̀ tán.

Èmi ni Diméjì, dókítà ẹranko. Jemimah ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ ní Wuye nílùú Àbújá ni àwọn ajá aláìsàn máa ń bọ́ sí nígbà tí wọ́n bá ti sú àwọn tó ni wọ́n. Èyí tó fọ́jú, èyí tó ní wárápá, èyí tí mọ́tò gé lẹ́sẹ̀: Jemimah á gbé e wálé, á ṣe alágbàtọ́ rẹ̀, á máa fún un lóògùn tí mo bá kọ, títí a ó fi rí ẹni tó máa gbà á pátápátá. Bisíkíìtì ni èyí tó sọnù yìí ń jẹ́. Nínú gbogbo wọn, òun gan-an ni kò yẹ kó sọnù.

Ọ̀nà oúnjẹ rẹ̀ ló dẹ̀. Kò lè ti oúnjẹ sísàlẹ̀ bíi ti ajá yòókù. Bó bá tẹrí ba jẹun nílẹ̀, oúnjẹ á padà sókè, á gba ẹ̀dọ̀fóró lọ, ó sì lè pa á. Ó gbọ́dọ̀ nàró jẹun, kó sì wà lóòró títí oúnjẹ á fi sọ̀kalẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ya àwòrán àga gíga kan, tí káfíńtà kan ní Dei-Dei bá mi kàn. Kí n má parọ́, mo máa ń fi àga náà yangàn.

Ó ti pẹ́ tí a ti ń wá ẹni tó máa gba Bisíkíìtì. A ṣẹ̀ṣẹ̀ rí tọkọtaya kan ní Utako ni, wọ́n sì ń bọ̀ wá mú un nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ní báyìí, bí ẹni tó gbé e bá lọ fi abọ́ oúnjẹ síwájú rẹ̀ lórí símẹ́ńtì, ìbáà jẹ́ pẹ̀lú ìfẹ́, a ò ní bá a láàyè.

Jemimah ti sáré dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹni tó bá ní kántà bi í bóyá ó ti yẹ ìkòkò ọbẹ̀ àwọn aládùúgbò rẹ̀ wò. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, mo yà gba ilé Ìyá Adéyẹmọ.

Beatrice Adéyẹmọ ni orúkọ wọn. Diakónẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì sì ni wọ́n. Ajá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan wà nílé wọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Jemimah, torí náà n kò ní láti bẹ̀ wọ́n. Wọ́n wọ bàtà, wọ́n jókòó sínú mọ́tò, wọ́n ní, “Má sáré pa wá. Òkú kì í wá ajá.”

* * *

Jemimah ń dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ti wú. Ajá afọ́jú dìde, ó ń fi imú wá wa káàkiri. Ìyá Adéyẹmọ fọwọ́ pa á lórí, wọ́n sì béèrè ohun tí wọ́n máa ń béèrè níbi gbogbo.

“Ẹ̀wà wà nílé?”

“Ẹ̀wà, mà?”

“Èyí tí wọn ò tíì ṣà. Bu díẹ̀ sínú tíréè fún mi.”

Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Wọ́n sọ fún mi rí pé ẹni tó bá ń wo ojú ọlọ́pàá á kọ́kọ́ ronú kó tó dáhùn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wo ọwọ́ tó ń ṣa ẹ̀wà á gbàgbé ara rẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n gbé tíréè lé itan.

“Ta ló rí i kẹ́yìn?”

“Èmi ni, mà. Àná ni mo dé láti Lọ́kọ́ja, níbi tí wọ́n rán wa lọ láti ọ́fíìsì. Láàárọ̀ yìí mo lọ ra nǹkan tí a ó fi gba àlejò ní ọjà. Bisíkíìtì ń sùn lẹ́nu ọ̀nà yàrá Mọ́mì. Nígbà tí mo dé, kò sí mọ́.”

“Mọ́mì dà?”

“Wọ́n ti lọ sípàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti pa fóònù.” Jemimah nu imú. “Àwọn gan-an ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ajá kan sọnù, mà. Wọn ò fẹ́ràn ajá. Látìgbà tí wọ́n ti dé láti Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti ń sọ pé ilé tó yẹ kó kún fún ọmọ ni mo kó ajá sí.”

“Kí ló bá ajá lọ?”

“Kò sí nǹkan kan. Okùn rẹ̀ ló wà lórí ìṣó yẹn. Àfi fúláàsìkì tí a máa ń gbé oúnjẹ lílọ̀ rẹ̀ sí. Mi ò rí i.”

“Olè fi okùn sílẹ̀, ó gbé oúnjẹ aláìsàn,” ni Ìyá Adéyẹmọ wí. Wọ́n ju òkúta kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ tíréè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n na ìka kan, wọ́n fi fa ìlà sórí àga gíga mi tó wà ní kọ̀rọ̀.

Eruku ọyẹ́ ti bò ó mọ́lẹ̀. Alántakùn kan tiẹ̀ ti ta okùn sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Dókítà, wọn ò lo àga rẹ.”

Ó dùn mí wọra. Mo yíjú sí Ràdíátù tó ń gbálẹ̀ lọ́wọ́, obìnrin tó máa ń wá tọ́jú ilé àti ajá bí Jemimah bá rìnrìn àjò. Ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà, ọwọ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Mo rò pé mo ti mú olè.

“Ràdíátù, níbo lo ti ń fún un lóúnjẹ nígbà tí mi ò sí?” Jemimah bi í.

Ràdíátù bẹ̀rẹ̀ sí í nu tábìlì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. “Ó ń jẹun dáadáa, Àǹtí.”

“Mi ò bi ọ́ bẹ́ẹ̀!”

“Mo ti ṣèlérí pé mi ò ní sọ. Ẹ jọ̀ọ́.”

“Ẹ jẹ́ ká mú un lọ sí àgọ́,” ni mo wí, mo ti ń dìde.

Ìyá Adéyẹmọ kò tiẹ̀ wò mí. “Ràdíátù, jókòó bá mi ṣa ẹ̀wà. N kò ní kí o da ìlérí. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀. Nígbà tí Jemimah ò sí, ajá yẹn rù ni àbí ó sanra?”

“Ó sanra, mà.”

“Òótọ́ ni,” ni Jemimah wí. “Lánàá, agbára káká ni mo fi gbé e.”

“Ó dáa. Eruku bo àga, ajá sanra. Ẹnìkan mọ ọ̀nà mìíràn tí ajá yẹn ń gbà wà lóòró. Tí a bá ti mọ ọ̀nà yẹn, a ti mọ ẹni tó gbé e.” Wọ́n gbé tíréè wọn dání. “Ẹ jẹ́ ká lọ kí máígáàdì.”

* * *

Bùsàrí lorúkọ máígáàdì, ọmọ Ìlọrin. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ náà lánàá ni, kò tíì mọ ará ilé yàtọ̀ sí àlejò. Ìyá Adéyẹmọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ.

“Sànnu, Bùsàrí. Wọ́n ní ajá gba ọ̀dọ̀ rẹ kọjá.”

“Walahi, mà, ajá kankan ò kọjá! Mi ò tiẹ̀ dìde lọ tọ̀.”

“Ta ló wá kọjá?”

“Àǹtí yìí jáde. Obìnrin kan pọn ọmọ jáde. Àǹtí yìí padà wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn ni àǹtí tó ń fọ ilé wọlé. Ó tán.”

“Ìyàwó ìsàlẹ̀ ló bímọ,” ni Jemimah wí. “Òun nìyẹn.”

Bó ti sọ bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ké nínú ilé ìsàlẹ̀, tí ìyá rẹ̀ sì ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Obìnrin náà kò lọ síbì kankan.

“Bùsàrí, báwo lo ṣe mọ̀ pé ọmọ ló pọ̀n?”

Bùsàrí wo àgbàlagbà náà bí ẹni pé ìbéèrè náà ò mọ́gbọ́n dání. “Ọ̀já wà láyà rẹ̀, mà. Ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó ń fọwọ́ gbá a nídìí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó fi ìborùn bo ọmọ lórí nítorí ọyẹ́, ó bo orí tiẹ̀ náà. Mo ní ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ó ní o ṣeun. Mo sáré ṣí géètì fún un.”

“O rí ojú ọmọ náà?”

“Kai, mà! Ta ní í ṣí aṣọ wo ọmọ ọlọ́mọ?”

“O ṣeun, ẹ̀kọ́ ilé wà lára rẹ. O rí ẹsẹ̀ rẹ̀?”

Bùsàrí wo ara rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí ìhà ara rẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì, níbi tí ẹsẹ̀ ọmọ máa ń yọ sí lára ìyá.

“Mi ò rí ẹsẹ̀, mà.”

“Ìkókó nìkan ni à ń ká lẹ́sẹ̀ kò sínú ìró. Ṣé ìkókó ni?”

“Rárá o. Ó tóbi. Orí rẹ̀ dé èjìká ìyá rẹ̀.” Bùsàrí dìde dúró. “Ọmọ tó tóbi tó yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ dà? Lá ilaha ilalahu!”

Ojú tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìgbà yẹn gan-an ló yé mi. Ẹni tí a bá pọ̀n ti wà lóòró nìyẹn.

“Ohun tí àga rẹ ń ṣe, Dókítà,” ni Ìyá Adéyẹmọ wí, “ẹ̀yìn obìnrin ti ń ṣe é kí a tó bí bàbá rẹ.”

* * *

Ọ̀gbẹ́ni Nehemiah, ará Kàbà tó ń gbé nísàlẹ̀, ti ń fetí sí gbogbo rẹ̀ níbi tó ti ń fọ mọ́tò. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fẹjọ́ ajá sun onílé. Bí wọ́n bá ní kí n fura sí ẹnìkan, kíá ni mo máa nawọ́ sí i.

“Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ o,” ló wí, ó ju kànrìnkàn sínú garawa. “Èmi kọ́ ni mo gbé e. Èmi gan-an ni wọ́n ń ṣẹ̀!”

“Kí ni wọ́n ṣe fún yín, sà?” Ìyá Adéyẹmọ na tíréè sí i. Ẹ gbà mí gbọ́, ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà.

“Èébú! Lójoojúmọ́, látìgbà tí ọmọ yìí ti rìnrìn àjò. Láti fèrèsé òkè yẹn. ‘Kòkànọ́! Kòkànọ́, ó yá, gbé e mì!’ Mo gbé orí sókè, n kò rí ẹnìkan. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sọ pé ajá ti pọ̀ jù, wọ́n ń sọ fún mi pé kò kàn mí!”

Jemimah wo òkè. “Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ Kòkànọ́ nílé mi, sà.”

“Wọn kì í sọ pé kí àgbàlagbà gbé èébú mì,” ni Ìyá Adéyẹmọ wí. “Oúnjẹ ni wọ́n ń ní kí wọ́n gbé mì. Ajá ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.”

“Ṣùgbọ́n Bisíkíìtì ló ń jẹ́, mà.”

“Lẹ́nu tìrẹ, ọmọ Àbújá. Ẹ̀yin lẹ̀ ń fi orúkọ ìpápánu pe ajá. Láyé tiwa, ẹni tó bá sọ ajá lórúkọ ní ẹni tó ń fi orúkọ náà dá lóhùn. Àgbàlagbà kan nínú ilé rẹ ti sọ ajá rẹ lórúkọ, Jemimah. Kí èèyàn tó sọ ajá lórúkọ, ó ti gbà pé òun ló ni ín.”

Jemimah yíjú sí ilé. Ó sáré gun àtẹ̀gùn lọ sókè, a tẹ̀ lé e.

* * *

Yàrá ìyá rẹ̀ ló wọ̀. Aṣọ ẹgbẹ́ àwọn ìyá ṣì wà ní kíkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, Bíbélì wà lórí ìrọ̀rí. Àgbàlagbà wo ló ń lọ sípàdé ṣọ́ọ̀ṣì láìmú méjèèjì dání? Lórí ìró kan tí wọ́n ká sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, irun ajá lẹ̀ mọ́ ibi tí ẹ̀yìn èèyàn máa ń wà.

Ọmọbìnrin náà jókòó wòò. “Wọ́n ti lọ jù ú nù,” ló wí. “Mọ́mì ti lọ jù ú nù. Wọ́n ti sọ ọ́ fún mi pé ajá ni kì í jẹ́ kí ọkọ rí mi. Bó bá sì kú ńkọ́?”

Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Gbogbo ẹkún tó ti ń sun láti àárọ̀ kò tó èyí.

“Gbé orí sókè,” ni Ìyá Adéyẹmọ wí. “Ẹni tó fẹ́ ju ajá nù kì í gbé oúnjẹ rẹ̀ dání. Kò sì ní pọ̀n ọ́n. Sọ fún mi, kí lẹ jọ sọ nígbà tí o dé lánàá?”

“Kò sí nǹkan, mà. Wọ́n kàn ń bi mí léèrè nípa Kúnbi àti Fúnṣọ́ tó fẹ́ gbà á. Ọmọ ta ni wọ́n, ìlú wo ni wọ́n ti wá, ta ló mọ̀ wọ́n délé. Mo ní a ti sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n tiẹ̀ fi fọ́tò ilé wọn ránṣẹ́. Wọ́n ní, ‘Fọ́tò?’ Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, ‘Mọ́mì, ajá là ń fún wọn, a ò fọmọ fọ́kọ.’ Wọ́n kàn bi mí ní ibi tí ilé náà wà gan-an, mo sì sọ.”

Ìyá Adéyẹmọ gbé tíréè ẹ̀wà sílẹ̀. N kò rí i kí wọ́n gbé e sílẹ̀ láìṣà á tán rí.

“Jemimah, kí ìyá tó fọmọ fọ́kọ, kí ló kọ́kọ́ ń ṣe?”

Ọmọbìnrin náà nu ojú rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà fi wọ̀ ọ́ lára. “Ó ń ṣe ìwádìí,” ló wí.

“Dókítà, tan mọ́tò. Utako là ń lọ.”

* * *

A kò tíì kan ilẹ̀kùn tí a ti ń gbọ́ orin. Ohùn ọkùnrin ni, kò sì dùn rárá. Kúnbi ló ṣílẹ̀kùn, ẹ̀rín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a wó. Fúnṣọ́ ọkọ rẹ̀, ọkùnrin gíga kan tó ń ṣiṣẹ́ báńkì, ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú pálọ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé, ọ̀já wà láyà rẹ̀, Bisíkíìtì sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó gbé àgbọ̀n lé e léjìká, tó ń tòògbé. Lórí àga ni Màmá Adébíyì jókòó sí pẹ̀lú ife tíì, wọ́n ń wò ó bí ẹni tó ń wo akẹ́kọ̀ọ́ níbi ìdánwò.

“Rọra máa mi ìdí,” ni wọ́n ń sọ fún un. “Kì í ṣe sójà.” Ìgbà náà ni wọ́n rí wa. “Ẹ ti dé? Ẹ pẹ́.”

Jemimah sáré wọlé. Ó lọ gbé etí lé ìhà ajá náà. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Èémí rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Kúnbi ló ròyìn fún wa. Ìyá àgbà kan tó pọn ọmọ wá sí géètì, ó ní ó ti rẹ òun, òun ń wá omi mu. Wọ́n fà á wọlé, wọ́n fún un lómi, wọ́n bá a wá ìjókòó. Lójijì ni ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ gbó. Fúnṣọ́ fò sórí àga.

“Mo wá sọ ẹni tí mo jẹ́ fún wọn,” ni Màmá wí, “mo ní ebi ń pa á, kí wọ́n fún un lóúnjẹ. Ọkùnrin yìí tẹ̀ ba, ó fẹ́ gbé abọ́ sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ já abọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, ‘Fúnṣọ́, ó gbọ́dọ̀ nàró, ṣé o ti gbàgbé ni?’ Ìgbà yẹn lọkàn mi balẹ̀.”

“Mọ́mì, ẹ̀rù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí! Ẹ ò bá ti sọ fún mi.”

“Bí mo bá sọ fún ọ, wàá pè wọ́n. Bí o bá pè wọ́n, wọ́n á gbálẹ̀ dè mí. Ilé tí wọ́n ti gbálẹ̀ dè mí, kí ni mo fẹ́ wádìí níbẹ̀?”

Ìyá Adéyẹmọ rẹ́rìn-ín, wọ́n kúnlẹ̀ díẹ̀ kí wọn. “Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ìbéèrè kan ló kù. Ta lẹ fi Kòkànọ́ bá wí? Aládùúgbò yín rò pé òun ni.”

“Ta ló ń bá ìyẹn wí?” Màmá wo inú ife tíì wọn. “Àwọn ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. Wọ́n ní ṣé ajá ni mo wá tọ́ ní Àbújá, ọmọ ọmọ mi dà. Èmi lè bá Jemimah wí nínú ilé, èmi ni mo bí i. Àwọn ńkọ́? Mo délé, mo rí aláìsàn yìí tó ń bì, wọ́n ní kí wọ́n gbé e sórí àga pákó Dókítà. Mo pọ̀n ọ́n, ó sùn. Mo sọ ọ́ ní Kòkànọ́. Mo ní bí wọ́n bá tún bi mí, orúkọ rẹ̀ ni mo máa pè.”

Jemimah kúnlẹ̀, ó gbé orí lé itan ìyá rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rí ọ̀já náà dáadáa láyà Fúnṣọ́, aláró tó ti ṣá, tí wọ́n fi òwú pupa tún etí rẹ̀ rán.

“Mọ́mì, ọ̀já tí ẹ fi pọ̀n mí nìyẹn.”

“Òun ni. Mo gbé e wá pẹ̀lú èrò.” Wọn kò parí gbólóhùn náà. Nígbà tí ó yá, wọ́n dìde, wọ́n tú ajá lẹ́yìn Fúnṣọ́, wọ́n gbé e lé e lọ́wọ́ bí ẹni gbé ọmọ fún ọkọ ìyàwó, wọ́n ká ọ̀já náà dáadáa, wọ́n sì gbé e lé Kúnbi lọ́wọ́.

“Mọ́mì, tèmi ńkọ́?”

“Tìrẹ á dé lásìkò rẹ̀, a ó sì ra tuntun. Èyí ní ọmọ tó ń dúró dè é báyìí.”

Ẹ̀rín àti omijé ni Jemimah fi sọ pé àmín. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ọ̀rọ̀ àga mi.

Bí a ti ń padà lọ sí Wuye, Màmá Adébíyì jókòó sẹ́yìn mọ́tò pẹ̀lú ọmọ wọn. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ wọn á lọ sẹ́yìn ara wọn, á gbá afẹ́fẹ́, wọ́n á sì rántí. Jemimah di ọwọ́ náà mú. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé nígbà tí Màmá pè mí.

“Dókítà.”

“Mà?”

“Afọ́jú tó kù nílé yẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá wá tọrọ rẹ̀, èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ fún ní àdírẹ́ẹ̀sì ilé rẹ̀.”